Ìkòkò Ẹ́dínà

Òjò Burnley kì í pariwo.
Wínniwínni ló ń rọ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíì lẹ́yìn,
láti àárọ̀, títí òrùlé dúdú àdúgbò wa
fi ń dán bí ẹ̀yìn ẹja àrọ̀.

Bàbá Wílífù kan ilẹ̀kùn.
Ó gbá ìkòkò amọ̀ aláwọ̀ oyin kan mọ́ àyà
bí ẹni gbé ọmọ tuntun sá fún òjò.
Ìdérí rẹ̀ sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
"Mọ́zì," ló pè mí
(Mosúnmọ́lá wúwo jù fún ahọ́n rẹ̀, ó di ọdún mẹ́fà),
"ti Ẹ́dínà ni. Lọ́jọ́ Ajé ni ọmọ mi ń bọ̀ wá kó mi lọ sí Preston.
Ilé ìdáná wọn ò láyè.
Má jẹ́ kó wà ní tútù."

Mo ní kó wọlé. Ó ní bàtà òun ti rin.
Lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ ló ti ka oúnjẹ náà fún mi,
ó ń fi ìka ṣírò: sọ́séèjì mẹ́jọ, agolo ẹ̀wà méjì.

Ẹ̀wà inú agolo kẹ̀?
Èmi ọmọ ẹni tó ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà
títí ojú fi ń ṣú u,
kí n wá ṣí agolo bí ẹni ṣí lẹ́tà,
kí ẹ̀wà ti jinná, kó ti wọ aṣọ pupa,
kó sì tún mu ṣúgà!
Ìyá mi ìbá gbọ́, á ní: ta lẹ ṣẹ̀?

Kí n má purọ́ ṣá.
Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé,
tí mo ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó,
agolo yìí náà ni mo ń fi ṣíbí jẹ,
ní tútù, ní ìdúró, kóòtù ṣì wà lọ́rùn mi.
Ẹni tó ti yó ló ń bú ọbẹ̀.

Òróró gbóná. Sọ́séèjì ń han,
wọ́n ń yí ara padà, ẹ̀yìn wọn ń pọ́n.
Àlùbọ́sà rọ̀. Kárọ́ọ̀tì roboto wọlé,
ẹ̀wà ya lé wọn lórí.
Oyin dúdú tí Ẹ́dínà ń fi sí i, mo fo ìyẹn.
Ọwọ́ mi lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀,
ó mú ata rodo kan jáde, òdindi,
ó tì í bọ abẹ́ ẹ̀wà
bí ẹni tọ́jú owó sábẹ́ ẹní.

Wákàtí kan nínú ààrò.
Ooru bo fèrèsé. Ṣíjúadé ọmọ mi
fìka kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó kọ ti bàbá sísàlẹ̀.
Òórùn oúnjẹ gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde,
ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó dé ojúlé kejì.
Mo mọ̀, torí ó dé láìpè,
irun yíyà, bàtà gbígbẹ lẹ́sẹ̀.

Mo ṣí ìkòkò. Ẹ̀wà náà ò lẹ́wà rárá,
pupa rúsúrúsú, ó ń ho pọ́kọ́pọ́kọ́.
Ó jẹun. Kò sọ̀rọ̀.
Ní ṣíbí kẹta, etí rẹ̀ pọ́n.
Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.
Mo ní, "Ẹ má bínú, ata ni. Mo gbàgbé láti yọ ọ́."
Irọ́ ni. Mi ò gbàgbé.
"Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta," ló wí,
"Ẹ́dínà ò fi irú èyí sí i rí."
Ṣíjúadé dá ṣíbí dúró lójú òfuurufú.
"Bá mi bù sí i."

Nígbà tó yá, ó ń fi ṣíbí ha ibi tó jó mọ́ etí ìkòkò,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá orúkọ lábẹ́ ọ̀dà.

Ó ti lọ sùn báyìí.
Mi ò tíì fọ ìkòkò náà.
Mo kàn bu omi gbígbóná sí i,
ó wà níbẹ̀, ó ń rẹ.