Ẹ Kí Ìyá

Kí a tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ ní Pàkátà,
ìwé ni a kọ́kọ́ gbẹ́.
Ìwé sí Nẹ́pà, nítorí òpó kan dúró gbọnin
sí ibi tí gọ́tà máa gbà.
Ìwé sí ilé iṣẹ́ omi. Ìwé sí àwọn oníwáyà tẹlifóònù
tí wọ́n ri okùn mọ́lẹ̀, tí wọn ò rántí ibi tí wọ́n rì í sí.
Èmi ni mo ń gbé fáìlì kiri,
fáìlì aláwọ̀ ewé tí etí rẹ̀ ti jẹ,
tó ti mu òógùn abíyá mi ju bùbá mi lọ.

"Ọ̀gá ò sí lórí àga."
"Ọ̀gá lọ kírun."
"Ẹ̀dà mẹ́ta là ń gbà, méjì lẹ mú wá."
Lọ́dọ̀ àwọn olómi, wọ́n ní kí n mú àwòrán páìpù wá.
Mo ní, ọ̀dọ̀ yín ni mo wá gbà á.
A wo ara wa.
Fáànù ń yí lókè, kò fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnì kankan.

Alfa Búsàrí ló yọ wá, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì
láti ìgbà tí omi ẹ̀rọ ṣì ń yọ ládùúgbò.
Ó bọ́ bàtà, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní,
ó ní, "Ibí. Ó yà sọ́wọ́ òsì nídìí dóńgóyárò yìí.
Èmi ni mo tẹ́ ẹ sùn síbẹ̀."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ìṣísẹ̀ Alfa mọ́kànlélógún láti ara ògiri.
Ẹnjiníà Abọ́lárìn wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i.

Ó wá ku ẹlẹ́sẹ̀.
Mọ́tò rọrùn: a gbé àgbá méjì dábùú títì,
ó yí orí padà, ó ń bú wa lọ.
Ta ni yóò yí orí ọmọ kéú padà, tòun ti wàláà lórí,
tàbí aláboyún tó ń lọ gba káàdì láàárọ̀ Àlàrùba?
Ọ̀nà kan ló wà: àárín agbo ilé Alátùpà,
kọjá lẹ́bàá kànga, jáde lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Sàláwátù, mo ṣí fáìlì.
Ó ní, "Pa ìwé yẹn dé.
Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, kó kí mi. Ó tán."
Ìyọ̀ǹda Nẹ́pà: ọ̀sẹ̀ méje, òǹtẹ̀ mẹ́rin.
Ìyọ̀ǹda Ìyá: kò tó àkókò tí a fi ń bó ọsàn kan.

A tẹ́ pákó sórí ẹrẹ̀. Mo fi ẹfun kùn ún
kí ojú lè rí i bí iná bá lọ, iná kì í sì í pẹ́ẹ́ lọ.
Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri:
ẸLẸ́SẸ̀, Ẹ GBA IBÍ. Ẹ KÍ ÌYÁ.

Oṣù mẹ́rin gbáko.
Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá. Ẹ kú òjò àná.
Ó mọ ohùn kó tó mọ orúkọ.
Ó mọ ẹni tó jà nílé kó tó jáde.
Ó mọ ọmọ kéú tí kò gbọ́ Súrà rẹ̀,
á ní kó dúró, kó kà á fún òun ná, kó tó lọ jẹ pàṣán.
Ọjọ́ tí ọkọ Mọ́ríámọ̀ kú,
ẹ̀gbẹ́ àga Ìyá ni Mọ́ríámọ̀ kọ́kọ́ wó sí,
àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń rọra yà fún un, pákó ń dún.

A parí gọ́tà lọ́jọ́ Àtàlátà. Mo kó pákó.
Mo fọ ògiri; ọ̀rọ̀ méjì tó kẹ́yìn kò tètè lọ.
Títì là, ẹsẹ̀ sì padà síbi tó mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi,
ọwọ́ lẹ́yìn:
"Ìyá ní kí n bi yín,
ṣé Nẹ́pà ò tún fẹ́ hú òpó kankan ni?
Ìyá ní òun ti fọwọ́ sí i."