Àwọ̀n Inú

Belmiro jókòó ní ilé ìwòsàn Peniche.
Ó fi àtàǹpàkò ti kókó abẹ́ bẹ́líìtì wọlé,
ó wúkọ́,
ìpá tún yọjú bí ọmọ tí kò gbọ́ràn.
Ohun tó gbọ́ kò pọ̀:
Gaspar ní wọn yóò là á bí ẹja ọjọ́ Ẹtì.
Odete, aya rẹ̀, ní àwọ̀n ni wọ́n fi ń dí i.

Àwọ̀n!
Ogójì ọdún ló ti ń tún àwọ̀n ṣe;
ó mọ ojú ihò tí ẹja kékeré ń gbà sá lọ.
Bí tinú yìí bá fà ya,
ta ni yóò jókòó tún un hun?

Nọ́ọ̀sì pè é.
Ó fọwọ́ di ikùn mú, ó wọlé:
“Dókítà, irú okùn wo ni?”