Orúkọ Tí Yóò Dé Òdì Kejì Adágún

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ajá náà fi wà nílé láìlórúkọ.
"Ìwọ" là ń pè é. "Ìwọ, kúrò nídìí ààrò."
"Ìwọ, fi bàtà yẹn sílẹ̀."
Ìyá àgbà Tuovi ní òun ò kánjú:
ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ,
ilé yìí sì ti ṣófo lápá kan
láti ìgbà tí yìnyín àkọ́kọ́ ti bo sàréè Eevert.

Eevert ló máa ń sọ wọ́n lórúkọ.
Ajá mẹ́fà láàárín ogójì ọdún,
gbogbo wọn dúdú lẹ́yìn, pupa létí, funfun láyà,
gbogbo wọn agbóòórùn-má-tàsé.
Kì í bi ẹnikẹ́ni. Yóò kàn jí lówùúrọ̀ kan,
yóò bu kọfí, yóò ní, "Orúkọ rẹ̀ ti dé,"
bí ẹni pé onílẹ́tà ló gbé e wá.

Báyìí, gbogbo abúlé di asọmọlórúkọ.
Oiva tó ń ta epo ọkọ̀ ní ká pè é ní Ọ̀gágun.
Mo wo ajá: ó ń lé ìrù ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tó o.
Pásítọ̀ Saimi ní Ìrètí ló yẹ ẹ́.
Ìyá àgbà ní, "Ta ni yóò dúró sínú igbó lóru
tí yóò máa ké 'Ìrètí! Ìrètí!'
tí aládùúgbò ò ní rò pé orí rẹ̀ ti dàrú?"

Ó ń bó ọ̀dùnkún sínú garawa, ó ń ṣàlàyé:
orúkọ ajá agbóòórùn kò gbọdọ̀ ju èémí kan lọ,
nítorí èémí máa ń dì lẹ́nu ẹni.
Kó ní ìró kan tó ṣeé nà bí okùn
títí yóò fi dé òdì kejì adágún.
Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ;
bóyá fèrè gan-an ni kò dún dáadáa.
Kó má sì jọ orúkọ ọkọ ẹnikẹ́ni.
Ó dákẹ́ síbẹ̀. Ọ̀bẹ náà dákẹ́.

Ní Sátidé kan tí òtútù ń ṣẹ́ ẹ̀ka igi páìnì, pò, pò,
a ò rí ajá.
Ipasẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kànga, ó gba ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ olóoru,
ó dá ipasẹ̀ ehoro kọjá, kò yà sí i,
ó lọ tààrà síbi ìtì igi tí Eevert ò là tán.
A gbọ́ ọ kí a tó rí i.
Kì í ṣe gbígbó ọmọ ajá:
ohùn gígùn kan ni, bí agogo tí a lù lábẹ́ omi.
Adágún gbà á, ó dá a padà,
òkè gbà á lọ́wọ́ adágún.
"Kaiku!" ni mo ké, "Gbohùngbohùn! Orúkọ rẹ̀ nìyẹn!"
Inú mi dùn bí ẹni tó já àlọ́.

Ìyá àgbà ò dá mi lóhùn.
Ó ti kúnlẹ̀ sínú yìnyín.
Ajá hú, ó hú, ó fà á yọ:
ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì, onírun àgùntàn,
tí a fi òwú aláwọ̀ ewé tún àtàǹpàkò rẹ̀ hun.
Láti oṣù Ọ̀wàrà la ti ń wá a.
Ọ̀tún nìkan la rí fi sínú pósí.
Ajá yìí ò bá Eevert láyé;
ẹ̀wù òtútù rẹ̀ ló kàn ń sùn lé.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ ọdẹ dé, ó mú bíírò,
ó kọ Kinnas, ìyẹn ìbọ̀wọ́, kò sì wo ojú mi.
Oiva rẹ́rìn-ín: orúkọ ajá ọdẹ rèé?
Ó jáde sí àtẹ̀gùn, ó na orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan.
Adágún dá a padà.
Ajá ti ìsàlẹ̀ sáré wá, ó ki imú tútù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.
Lórí yìnyín lọ́hùn-ún, ehoro kan jókòó,
kò sẹ́ni tó rántí lé e.