Ṣíbí Tó Dúró

Torí ẹ̀rọ afami ni mo ṣe dé Changwon,
mẹ́rìnlélógún, tẹnu tẹnu wọn jẹ́ irin,
iye owó wọn ni mo ń há sórí látinú bàálù.
Ohun tí n kò rò rárá ni ìbọ̀sẹ̀:
ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ la ti bọ́ bàtà,
ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì mi bá yọjú, ó ń kí gbogbo ilé.

Ọ̀gbẹ́ni Pyo rí i. Ó gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Láti àárọ̀ ló ti ń ṣe sùúrù fún mi.
Ọwọ́ méjèèjì ló fi na káàdì rẹ̀ sí mi
bí ẹni ń gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ fún ìyá àgbà;
ọwọ́ kan ni mo fi gbà á, mo tì í bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò,
mo sì jókòó lé orúkọ ọlọ́rúkọ.

Ilẹ̀ ilé náà lọ́ wọ́ọ́wọ́,
ooru ń rìn lábẹ́ ẹní bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn lábẹ́ awọ,
bẹ́ẹ̀ òjò dídì ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn fèrèsé.
A ká ẹsẹ̀ jókòó. Orúnkún mi ń ṣàròyé.
Àwo ń dé, kékeré, kékeré:
kimchi tó pọ́n bí ojú ẹni tí ata tà sí,
gbòǹgbò òṣíbàtà tí ihò rẹ̀ tò bí ojú ọpọ́n ayò,
ẹja wẹ́wẹ́ inú oyin, tí ojú wọn kò kúrò lára mi.
Ọ̀pá irin tín-ín-rín méjì wà lọ́wọ́ mi,
mo lé ẹyọ ẹ̀wà dúdú kan yí àwo po,
kò gbà fún mi.
Àlùmọ́gàjí, irú èyí tí télọ̀ fi ń gé aṣọ,
ni wọ́n fi ń gé ẹran lórí iná.

"Ọdún wo ni wọ́n bí ọ?"
Ó bi mí léyìí kó tó bi mí nípa ẹ̀rọ.
Ibẹ̀ lọkàn mi ti balẹ̀: èyí yé mi.
Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jù ú lọ.
Lọ́gán ni ohùn rẹ̀ tẹ̀ ba.
Tak Mi-ran tó ń túmọ̀ fún wa wá ìtumọ̀ tì,
àmọ́ etí mi ti gbọ́ ọ: "ìwọ" ti di "ẹ̀yin".
Ó bu ọtí fún mi, ó yíjú sí ògiri kó tó mu tirẹ̀,
nítorí oṣù mẹ́jọ.

Fóònù mi dún. Mo ri ṣíbí mọ́ àárín ìrẹsì,
ó dúró ṣánṣán.
Gbogbo tábìlì dákẹ́.
Ìyá arúgbó tó ni ilé oúnjẹ náà ti ìdí ààrò wá,
ó yọ ṣíbí náà jẹ́jẹ́, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo,
ó pa mí léjìká, ó padà sídìí iná.
Mi-ran rẹ ohùn sílẹ̀:
òkú nìkan là ń ri ṣíbí mọ́ ìrẹsì fún,
lọ́jọ́ ìrántí rẹ̀.
Ìgbà ìrúwé tó kọjá, wọ́n rì í fún Gil-ho,
ọmọ ìyá yìí, ẹ̀gbọ́n Pyo,
ẹni tó kọ́kọ́ ya àwòrán ẹ̀rọ tí mo wá rà.

Mo ti fẹ́ ní kí wọ́n dín owó kù.
N kò rántí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Nígbà tí a jáde, ẹnìkan ti yí bàtà wa padà,
imú wọn kọ sí ọ̀nà.
Nínú tòsì mi, ìbọ̀sẹ̀ tuntun, méjì nínú ọ̀rá,
aláwọ̀ ewé, ológbò kan ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀.
Ìyá náà nawọ́ sí mi láti ìdí ààrò,
ó ní ṣé mo yó.

Ọ̀gbẹ́ni Pyo tún ń wo àjà.