Ìṣísẹ̀ Kẹsàn-án

Ní Tartu, oṣù kejì, yìnyín ga dé ojú fèrèsé yàrá abẹ́ ilẹ̀
tí a ti ń kọ́ ẹ̀rọ ní ṣẹ́ẹ̀sì.
Endel ló kọ òfin sí i nínú,
èmi ni mò ń kọ ohun tó bá ṣe sínú ìwé.
Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni a fún un ní ojú láti rí.
Lẹ́yìn ìkẹjọ, òkùnkùn.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há sí igun pátákó,
ọ̀nà dí níwájú, ọ̀nà dí lẹ́yìn.
Ọmọ ilé-ìwé á ti mọ̀ pé ó ti lọ nìyẹn.
Ẹ̀rọ ju ẹlẹ́sẹ̀ kan sí wa, a pa á.
Ó ju òmíràn. A pa á.
Ó fi ẹṣin ṣe ẹ̀kẹta,
gbogbo ìgbà tí a bá sì dúró láti jẹ ohun tó jù,
ikú bíṣọ́ọ̀bù á sún síwájú, á bọ́ sí ìkẹsàn-án,
ibi tí ojú rẹ̀ kò dé.
Iye tó gbé jáde ń dán gbinrin: ara le, kò séwu.
Bíṣọ́ọ̀bù kú ṣá,
ó kú láàárín pápá tó ti ṣófo.

Mo rẹ́rìn-ín. Endel kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Bàbá mi nìyẹn, ní Võru.
Ó ta màlúù kí báńkì má baà dé orí ilé.
Ó ta pápá koríko. Ó ta ọkọ̀ ojú omi,
ó ta aago tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀,
oṣooṣù ló ń sọ fún wa pé ọ̀ràn ti yanjú."
Kò sọ ẹni tó ń gbé ilé náà báyìí. N kò bi í.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tún un ṣe:
bí ìjà bá ṣì wà lórí pátákó, má gbójú kúrò,
wò ó títí ariwo á fi rọlẹ̀, kó o tó ka iye.
Ó gbọ́n sí i. A ra kéèkì.

Àfi lọ́jọ́ tó rí ọba wa ní ìhòòhò,
ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré kó pa á,
tó wá gbé ọba tirẹ̀, tó ń rìn gbẹ̀fẹ́ kiri.
Ìṣísẹ̀ mẹ́ta lónìí, ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ́la,
ọgbọọgba ni lójú rẹ̀; ọ̀la kì í tán,
kí ló wá ń kánjú sí?
Ó rìn, ó rìn, títí òfin fi sọ eré náà di ọ̀mì.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ:
bó o bá ń fi ìṣẹ́gun falẹ̀,
a ó máa yọ ẹyọ kan fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.
Endel tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó jókòó, ó ń wo ìka rẹ̀.
Aago mẹ́wàá ti lù.
Ó bèèrè bóyá àgbàlagbà á ti sùn ní Võru ní irú àkókò yìí.
Mo ní n kò mọ̀.
Mo sún tẹlifóònù sọ́dọ̀ rẹ̀,
mo sì jáde lọ po tíì.