Yìnyín Mákùn

Aago méjì òru, Ṣágámù ti sùn.
Mo gbé fóònù ti ife omi,
Màmá Ọ̀nàṣílé fọwọ́ lẹ́rán.
“Ṣé wọn ò tíì mú un?”
Wọn ò tíì mú un, Màmá.
Ìpele kẹta ti kọjá. Àwọn ẹgbẹ́ ń yan ọmọbìnrin
bí ẹni ń ṣa obì nínú apẹ̀rẹ̀:
wọ́n wo apá, wọ́n wo ẹsẹ̀, wọ́n ní ká dúró ná.

Fẹ̀hìntọlá, tó ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ sáré lórí yìnyín
nílẹ̀ òtútù, tòun tọ̀pá lọ́wọ́.
Màmá ta yìnyín fún ogún ọdún ní Mákùn,
ó ń fi àpò ìrẹsì wé e bí ọmọ tuntun.
Ọdún tí iná lọ fọ́jọ́ mẹ́sàn-án,
gbogbo owó rẹ̀ ṣàn wọ gọ́tà,
ó dúró, ó ń wò ó.
“Ta ní í dúró lórí ohun tó ń yọ́?”

Ìpele karùn-ún. Ọkùnrin kan tú orúkọ wa ká,
ó kó o jọ, ó ṣì í pè.
Màmá gbọ́. “Àwa nìyẹn.”
Kò pariwo.
Ó ní kí n béèrè bóyá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nípọn.