Iye Ìka

Ọ̀sẹ̀ márùndínlógójì ni ìka ìlábẹ̀.
Ọgbọ̀n ni ti àárín.
Ogún ni ti ìka òrùka,
mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún èyí tó kéré jù.
Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin orí fóònù ṣe kà á fún Verlin,
bí ẹni ń ka iye búréèkì àti púlọ́ọ̀gì.
Òótọ́ ni pé ìka kò dọ́gba;
n kò mọ̀ pé ìjọba ti wọ̀n ọ́n.

Àwa náà la máa ń dá iye lé ẹ̀yà.
Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá sí gáréèjì Hochstetler, ní Dayton,
Verlin á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, á dijú,
á ní, "Béárìn ni. Ọgọ́ta dọ́là.
Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ rẹ."
Ẹ̀yà ọkọ̀ wà lórí pẹpẹ, a ó ti pààrọ̀ rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.
Ẹ̀yà ara ńkọ́?
Pẹpẹ wo ni wọ́n ń tò ó sí?

Jáàkì ńlá tó wà ní igun kẹta
ti ń jò kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹta la sọ fún ọ̀gá,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní, "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò dé.
Ọkọ̀ ló dé,
gbì, sórí ọwọ́ òsì Verlin.

Kò ké. Ó ní kí n pa rédíò.
Pílíyà tèmi la fi gé òrùka Oleta kúrò.

"Ọkọ̀ àna rẹ̀ ni," ọ̀gá sọ fún àwọn tó ń san owó gbà-má-bínú.
"Iṣẹ́ ti parí. Tara rẹ̀ ló ń ṣe."
Kò fẹ́ kó gbà.
Kó má bínú nìkan ló fẹ́.
Ó bu kọfí fún mi, èyí tí kò ṣe rí:
"Ọmọ méjì lo ní, àbí? Kí lo tiẹ̀ rí gan-an?"

Aago méjì àbọ̀ ọ̀sán ni mo rí.
Mo rí ìwé iṣẹ́ ọkọ̀ náà,
tí àtàǹpàkò Verlin tẹ òróró dúdú sí légbẹ̀ẹ́,
tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sísàlẹ̀: kó parí lónìí.
Inú agolo oúnjẹ mi ló wà, lábẹ́ búrẹ́dì.
Mo mu kọfí náà tán. Ó tutù.
Mo wá lọ buwọ́ lùwé ohun tí mo rí.

Àádọ́ta ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fún un, fún ìka méjì.
Nígbà tó wá kó irinṣẹ́ rẹ̀,
ó bi mí pé, "Bó bá pé àádọ́ta, ṣé wọ́n á hù?"
A rẹ́rìn-ín.
Ó na ọwọ́ òsì sí nọ́ọ̀tì kan lórí tábìlì,
nọ́ọ̀tì kékeré, irú èyí tó máa ń fi yí láìwò.
Ó bọ́. Ó yí gbirigbiri wọ abẹ́ àpótí.
Mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú un.

"Fi í sílẹ̀," ó ní.